Òdòdó Tó Doríkodò

Àmì aṣọ náà ṣì wà lára ògiri. Níbi tí ó ti rọ̀ fún ọdún mọ́kànlélógójì, ọ̀dà ògiri funfun bí ẹfun, gbogbo àyíká rẹ̀ sì ti pọ́n bí omi tíì. Ìṣó méjèèjì tí wọ́n fi gbé e kọ́ dúró ṣinṣin. Ẹnikẹ́ni kò fà wọ́n, ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ wọ́n.

Ìyáàfin Abísọ́lá Ládiípọ̀ káwọ́ sẹ́yìn, ó wò ó títí. Ó ti ṣe ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Èkó kí ó tó ṣí wá sí Maryland. Ní báyìí, àwọn lọ́yà ni ó ń bá ṣe ìwádìí, ọ́fíìsì rẹ̀ kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Largo. Kì í yára sọ̀rọ̀.

"Olè yìí ní sùúrù púpọ̀," ni ó wí níkẹyìn.

Jesse, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá káúńtì, fi ẹ̀gbẹ́ ti ilẹ̀kùn. "Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ kì í kánjú, ìyáàfin. Ọmọ yín sì ní kọ́kọ́rọ́."

"Kì í ṣe ọmọ mi. Lọ́yà rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ fún mi."

"Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà ní káúńtì yìí ni ọmọ yín. Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti mọ̀ yín."

Abísọ́lá rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí òtítọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gba ẹ̀rín púpọ̀. Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2006 ni. Ilé tí wọ́n dúró sí ní Clinton jẹ́ ti Ilona Szalai, ìyá arúgbó ọmọ ilẹ̀ Họ́ńgárì tó lo gbogbo ayé rẹ̀ láti fi òwú irun àgùntàn hun aṣọ aláwòrán tí a ń fi kọ́ ara ògiri. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì pa ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí Andrew ọmọ rẹ̀ wá kó aṣọ ìwọ̀sùn fún un, ó bá ògiri pálọ̀ lófìfo. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ní kọ́kọ́rọ́ ilé náà: Tijésùnimí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ti ń tọ́jú ìyá náà láti ọdún mẹ́ta, tó sì ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti ní kó lọ jókòó sílé ná. Lọ́jọ́ Ẹtì, yóò dúró níwájú adájọ́. Bí ẹ̀sùn olè bá lẹ̀ mọ́ ọn lára, kò sí ẹni tí yóò gbà á láyè láti di nọ́ọ̀sì mọ́ láyé.

Andrew gbé fọ́tò aṣọ náà síwájú Abísọ́lá lórí tábìlì. Ọkùnrin gíga ni, ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, èjìká rẹ̀ sì ti tẹ̀ bí ti ẹni tó ru omi.

"Ẹ kà á fún mi bí ìyá yín ṣe máa ń kà á," ni Abísọ́lá wí.

"Igi tó wà láàárín ni ìdílé. Ẹyẹ méjì tó kojú síra wọn ni àwọn méjì tó fẹ́ràn ara wọn. Òdòdó túlíìpù tó yanu sókè yìí ni obìnrin. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé o. Bí wọ́n ṣe ń kà á ní ilé ìyá ìyá mi ni."

"Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi pupa?"

"Pupa ni ti ọ̀dọ́. Bí obìnrin bá ṣe ń dàgbà, àwọ̀ tó tọ́ sí i á máa ṣókùnkùn lọ, á di búlúù, á di dúdú. Zoe àbúrò mi ni Màmá hun ún fún, lóṣù tí wọ́n bí i."

"Zoe ńkọ́? Ó lè jẹ́ òun ló wá mú nǹkan rẹ̀."

Andrew da fọ́tò náà dojú bolẹ̀. "Zoe kú ní oṣù kejì. Ìjàǹbá mọ́tò ni, ní Colorado. Mo lọ sin ín, mo padà, mo sì sọ fún Màmá pé iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò lè gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, èmi kò wọ pálọ̀ yìí mọ́. Ojú mi kò lè wo aṣọ náà. Mo máa ń fun fèrè mọ́tò níta, ọmọbìnrin yẹn á sì mú Màmá jáde wá bá mi."

"Ta ló mọ̀ nípa ikú náà?"

"Èmi. Àti ọmọbìnrin yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ."

Abísọ́lá kò dá a lẹ́bi. Níbi tí wọ́n ti bí òun náà, a kì í ṣàdédé já irú ikú bẹ́ẹ̀ lu òbí arúgbó. Wọ́n á ní ọmọ náà rìnrìn àjò, títí àwọn tí yóò di ìyá náà mú yóò fi pé jọ. Ohun tó dùn ún ni pé ọkùnrin yìí kò ní ẹnikẹ́ni tí yóò bá a pé jọ.

* * *

"Mi ò jí i, mà."

"Ìgbà kẹrin tí o sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo gbọ́. Ta ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ìṣó?"

Tijésùnimí wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni. Ó ti kúnlẹ̀ kí Abísọ́lá kí ó tó jókòó, kò sì gbójú sókè láti ìgbà náà. Nísàlẹ̀ fèrèsé ọ́fíìsì náà, ọkọ̀ ojú irin dé, ó dúró, ó tún lọ.

"Aládùúgbò rí ọkọ̀ Lukman àfẹ́sọ́nà rẹ ní ẹnu ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹta. Ó ru ẹrù ńlá kan tí ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé. Kí ni?"

"Lukman ò mọ nǹkan kan, Àǹtí."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí Lukman mọ̀."

Ó ń fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Tijésùnimí. O mọ ibi tí aṣọ yẹn wà."

Omijé bọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì pa àtẹ́lẹwọ́ náà dé bí ẹni pé ó fẹ́ fi í pamọ́. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá mi lẹ́bi, mà. Ẹ jọ̀ọ́. Kó kàn tán síbẹ̀."

Abísọ́lá fi bírò lélẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó ti gbọ́ tí olè ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun sílẹ̀, ó sì ti gbọ́ tí aláìṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ bákan náà. Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún ìdálẹ́bi ń fi ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn fún ẹlòmíràn. Ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí? Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni Lukman.

* * *

Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Landover, tí ó kọjú sí pápá bọ́ọ̀lù ńlá nì, ni Lukman ti ń ṣiṣẹ́. Ó rí Abísọ́lá àti Jesse lókèèrè, ó sì gbé páálí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Màmá, ẹ káàsán o. Ẹ tún mú ọlọ́pàá lọ́wọ́? Mo ti di olókìkí nìyẹn."

"Kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Kí lo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé jáde nílé ìyá Họ́ńgárì?"

"Ìkòkò."

"Kí ló wí?" ni Jesse béèrè.

"Ó ní ìkòkò ni."

"Ọ̀rọ̀ ńlá! Aṣọ ti di ìkòkò!"

Lukman kò bá a jiyàn. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó sì gbé ìkòkò kan jáde, èyí tó tóbi tó ohun tí a fi ń se ìrẹsì àádọ́ta ènìyàn. Inú rẹ̀ ti dúdú títí dé etí, ó ń kọ búlúù nínú ìmọ́lẹ̀. "Tijésù ní kí n lọ jù ú nù, kí bùọ̀dá Andrew má bàa rí i kó máa béèrè. Ìkòkò tó nípọn báyìí! Bí ìyá mi ní Ìlọrin bá gbọ́ pé mo ju irú ẹ̀ sí pàǹtí, wọ́n á gbá mi létí lórí fóònù. Mo ti fọ̀ ọ́ títí. Mo fẹ́ fi se ìrẹsì ìgbéyàwó wa."

"Gbogbo àlejò rẹ yóò fi eyín dúdú relé."

"Ká ṣáà jẹun, Màmá."

Abísọ́lá ti fi ìka nu inú ìkòkò náà. Ó gbé e súnmọ́ imú. Ó mọ òórùn náà kí ó tó mọ ìwé kíkà.

"Aró ni," ni ó sọ fún Jesse. "Ẹni tó jí aṣọ pupa, kí ló fẹ́ fi aró ṣe?"

"Láti pa á láwọ̀ dà. Kí ó lè rí i tà láìsí ẹni tí yóò dá a mọ̀."

"Ronú sí i. Bí o bá ri odidi àwòrán bọ aró, ẹyẹ á dúdú, igi á dúdú, òdòdó á dúdú. Ta ni yóò ra òkùnkùn? Wọn kò pa aṣọ láró, Jesse. Òwú ni wọ́n pa láró. A ti ń wá aṣọ láti àárọ̀. Ó yẹ ká wá òwú."

* * *

Òfì ìyá náà dúró lóòró nínú yàrá ẹ̀yìn, lẹ́bàá fèrèsé. Iṣẹ́ kan tí kò tíì parí wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Jesse wò ó, ìdí òwú ṣíṣókùnkùn ló rí, tó ń rọ̀ jálajàla bí irùngbọ̀n òbúkọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé arúgbó kan ń fi ọwọ́ ṣeré ni.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ lo wò," ni Abísọ́lá wí. "Ẹ̀yìn ni ẹni tó ń hun ún kọjú sí. Iwájú rẹ̀ ń wo fèrèsé."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ìyá mi hun kíjìpá ní Ṣakí, lórí òfì tó dúró gẹ́gẹ́ bí èyí. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìdí òwú yọ sí ojú aṣọ."

Ó jókòó sórí àga ìyá náà, ó sì fi ọwọ́ wá inú iṣẹ́ náà bí ẹni tó ń wá iná lórí ọmọ.

"Ìsopọ̀ níbí. Òmíràn rèé. Òmíràn tún rèé. Òwú tuntun máa ń wá ní ìdì gígùn. Wèrè nìkan ló lè gé e ní ìka mẹ́rin-mẹ́rin kó tó hun ún. Òwú yìí ti gbé nínú aṣọ mìíràn rí." Ó mú ìdí òwú kan, ó sì tú ìlọ́ rẹ̀ síwájú Jesse. "Aró kì í wọnú òwú tán. Bó ti wù ká rì í pẹ́ tó, ara ni ó ń gbé."

Láàárín òwú dúdú náà, pupa yọ, ó pọ́n bí ẹyìn.

Jesse fẹ́ èémí jáde. "Kò kúrò nínú ilé."

"Kò kúrò nínú ilé rí."

"Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìyá arúgbó yóò tú iṣẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé?"

Abísọ́lá ti na ọwọ́ sí ìwé pélébé kan lórí àpótí ìtìsẹ̀. Ìwé ọmọ iléèwé ni. Ìyá Ilona ti kọ ìkíni Yorùbá kún inú rẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú òtútù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì ya ohun tó fà á. Ó ya yìnyín sí òtútù, ó ya kọ́kọ́rọ́ sí ilé. Lójú ewé kẹfà ni ẹ kú ara fẹ́ra kù wà. Ìkíni yìí nìkan ló ní ọjọ́ méjì. Èkínní jẹ́ ti oṣù kẹjọ ọdún 2004, fìlà ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 2006. Òdòdó túlíìpù ni ó yà sí èyí.

Abísọ́lá pa ìwé náà dé.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ni Jesse béèrè.

"Ìkíni. Pe Andrew wá."

Andrew ní láti fi ẹ̀gbẹ́ wọ àárín òfì àti fèrèsé kí ó tó rí iwájú aṣọ náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bàtà rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí.

"Ẹ kà á fún mi," ni Abísọ́lá wí jẹ́jẹ́, "bí wọ́n ṣe ń kà á nílé yín."

"Igi náà nìyí. Ẹ̀ka kan ti ṣẹ́." Ohùn rẹ̀ ń wá láti ẹ̀yìn òwú. "Ẹyẹ kan ṣoṣo. Ó kẹ̀yìn sí ibi tí èkejì ìbá wà. Òdòdó... Òdòdó doríkodò. Mo ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan rí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí lẹ́tà dé láti Họ́ńgárì pé àbúrò Màmá obìnrin kú. Ó hun ún, ó sì kó o sínú àpótí."



"Ó mọ̀," ni Andrew wí.

"Láti oṣù kejì."

"Kò ṣeé ṣe! Lọ́jọ́ Àjíǹde mo gbé e lọ jẹun nílé mi. Mo sọ fún un pé Zoe kí i. Ó ní..." Bàtà méjèèjì yẹra, wọ́n mọ̀ pé ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ní kí n bá òun kí Zoe. Ó ní kí n sọ fún un kó má gbàgbé láti wọ aṣọ òtútù. Ọjọ́ kejì ló ṣubú."

Jesse ṣí fìlà rẹ̀, ó sì bọ́ síta.

Nígbà tí Andrew jáde láti ẹ̀yìn òfì, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó gbẹ. "Àwa méjì péré ni a mọ̀. Ṣé ọmọbìnrin yẹn ló sọ fún Màmá?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i," ni Abísọ́lá dáhùn.

* * *

"Mo ti rí aṣọ náà," ni ó sọ fún Tijésùnimí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. "Ẹ̀sùn olè ti kú." Ó ṣí ìwé pélébé náà sí ojú ewé kẹfà. "Sọ èyí fún mi."

Ọmọbìnrin náà wo àwòrán òdòdó náà títí.

"Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń sunkún bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mà. Bùọ̀dá Andrew ti pè mí lálẹ́ àná rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, Màmá wà nídìí òfì, wọ́n kẹ̀yìn sí mi. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Wọ́n á ní oo, Tijésù, ṣé dáadáa lo jí? Wọ́n máa ń fi ohùn Họ́ńgárì wọn fà á, a óò wá jọ rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ẹ kú ara fẹ́ra kù ló jáde."

"O rò pé kò níí yé wọn."

"Mo ti gbàgbé pé mo kọ́ wọn, mà, nígbà tí ọkọ wọn kú. Àwọn ò gbàgbé. Ọwọ́ wọn dúró lórí òwú. Wọn ò yíjú padà. Wọ́n kàn bi mí pé, Zoe?" Ó fi ìka nu imú. "Mi ò lè parọ́, Àǹtí. Wọ́n ní kí n gun àga, kí n bá wọn sọ aṣọ kalẹ̀. A jọ tú u, a jọ pa òwú rẹ̀ láró. Wọ́n mú mi búra pé ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ mọ̀ pé àwọn mọ̀. Wọ́n ní ó ti ń ru tirẹ̀, kò gbọdọ̀ tún máa ru ti àwọn mọ́ ọn."

Abísọ́lá wo ojú fèrèsé. Ó ti yanjú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀ràn tí ìkórìíra dá sílẹ̀, ó sì mọ bí a ti í fi ọwọ́ mú wọn. Èyí kò ní ibi tí a lè dì í mú.

"Kò sí òfin tó ní kí n fi ìwé yìí han Andrew," ni ó wí. "Yóò béèrè lọ́wọ́ mi. Mo mọ bí a ṣe ń dákẹ́."

Tijésùnimí gbójú sókè wò ó. "Rárá, mà. A ti dákẹ́ jù ní ilé yẹn. Èmi fúnra mi ni n ó sọ fún wọn."

* * *

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Tijésùnimí kúnlẹ̀ síwájú Andrew. Àwọn tó ń kọjá ń wò wọ́n. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀.

Andrew kò pariwo. "Dìde," ni ó kọ́kọ́ sọ. Nígbà tó dìde, ó ní: "O kì í ṣe olè. Mo ti bá Jesse sọ̀rọ̀, mo sì ti buwọ́ lùwé. Bí ẹnu rẹ ṣe ṣì ọ̀rọ̀ sọ, mo dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìyá mi fi mọ̀, tí ohùn rẹ̀ sì wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí èmi àti òun ìbá fi jọ sunkún Zoe. Ìwọ lo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwa méjèèjì, o sì dúró láàárín wa. Báyìí, mo ń bá a sọ̀rọ̀, ojú ló fi ń wò mí. Má wọ yàrá yẹn mọ́."

Ilẹ̀kùn yàrá náà pa dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, Abísọ́lá fún Tijésùnimí ní ẹ̀dà ìwé tí Andrew buwọ́ lù. "Kò sí kóòtù lọ́la. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ bá ti rí èyí, wọn yóò gbà ọ́ padà."

Tijésùnimí gbà á. Kò kà á. Ó ń wo àwọn fèrèsé òkè, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń ka iye wọn.

"Àǹtí, ṣé wọ́n ti sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ pé Màmá kì í lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn? Egungun ìhà wọn ti kán níbẹ̀ nígbà kan. Bí wọ́n bá yí wọn síbẹ̀, wọn ò ní lè sọ pé ó ń dun àwọn."

Abísọ́lá gba ìwé náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ọkọ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó sì mú bírò jáde.

"Ẹ̀gbẹ́ òsì," ni ó tún wí bó ti ń kọ ọ́. "Kí ló kù?"

"Wọn kì í mu omi tútù, mà. Wọ́n sì fẹ́ kí aṣọ ìkélé ṣí díẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

"Ó kù?"

Ó kù. Abísọ́lá ń kọ ọ́ lọ, kò kánjú, títí ẹ̀yìn ìwé náà fi kún. Lẹ́yìn náà ó ká a, ó fi Tijésùnimí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì padà wọlé lọ ní òun nìkan.